Ta La Lè Sọ Ọ́ Fún?

Ní ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ìdílé ara wọn, bíi Òró-Àgọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ohun tó ń dáàbò bo ènìyàn náà ló tún lè pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ ká ro obìnrin kan tó lè wà nínú ìlú èyíkéyìí nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbúrò bàbá rẹ̀ ń fipá bá a lò pọ̀, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí dòní. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn ìlú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó pásítọ̀ àti ìyá rẹ̀ jọ ń dá èésú. Ọlọ́pàá tó wà ní àgọ́ ń háyà yàrá nílé ẹbí wọn. Ọkùnrin tó ṣe é ti di àgbà, òun ni wọ́n sì ń ní kó gba àdúrà bí ẹbí bá pàdé lọ́jọ́ ọdún. Bí obìnrin yìí bá ní kí òun la ẹnu, etí ta ni ọ̀rọ̀ náà máa bọ́ sí?

Òun ni mo kọ orí yìí fún. Mo kọ ọ́ fún ọkùnrin tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, fún ọmọbìnrin tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni tirẹ̀, àti fún ẹni tí wọ́n fọkàn tán tí wọ́n fi wá sọ ọ́ fún un, tí kò mọ ohun tó kàn. Ìtọ́jú wà fún ohun tí ìfipábánilòpọ̀ ń fi sílẹ̀ nínú ènìyàn. Ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́. Kò sì dìgbà tí gbogbo ìlú bá gbọ́ ìtàn ẹni kó tó ṣiṣẹ́. Ohun kẹta yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí òun ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀, òun ló sì ń mú kí wọ́n jókòó sílé.

Àwọn tó wà nípò obìnrin yìí kò kéré. Ní 2014, àjọ tó ń ka iye ènìyàn ní Nàìjíríà àti UNICEF wádìí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè wa nípa ìwà ipá tí wọ́n hù sí wọn lọ́mọdé. Ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin ló ní wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ yọ òun lẹ́nu kí òun tó pé ọdún 18. Nínú àwọn ọmọkùnrin, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni. Èyí tó ń dùn mí jù nínú ìwádìí náà ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìwà ipá tí wọ́n hù sí i, kò tó márùn-ún tó rí ìrànlọ́wọ́ gbà. Wọ́n sọ ọ́ o. Àwọn tó gbọ́ ni kò ṣe nǹkan kan.

Kí a tó dé ọ̀rọ̀ ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà, ó yẹ ká mọ ohun tí a ń tọ́jú. Nínú ọpọlọ wa, ẹ̀yà kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amygdala, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ta wá lólobó bí ewu bá ń bọ̀. Òmíràn wà nítòsí rẹ̀, hippocampus, tó ń bá wa to ìrántí: ibi báyìí ló ti ṣẹlẹ̀, ọdún báyìí ni, ó sì ti parí. Bí ẹ̀rù bá pọ̀ kọjá agbára, ẹ̀yà àkọ́kọ́ á máa pariwo, èkejì kò sì ní ráyè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìrántí tó yẹ kó wọ inú àká lọ jókòó sí àyè rẹ̀ á wá wà gbalaja ní ẹnu ọ̀nà, gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ kọjá ni yóò máa fẹsẹ̀ kọ ọ́. Òórùn epo kan, ohùn ọkùnrin kan tó wúkọ́ lóru, ọwọ́ ọkọ ẹni tó kan ni léjìká láìròtẹ́lẹ̀, ara á ta gìrì bíi pé ọjọ́ náà ni. Àìsùn, ìbínú òjijì, inú rírun tí àyẹ̀wò kò rí ìdí rẹ̀, kí ènìyàn máa wo ọmọ ara rẹ̀ kí ó má sì lè gbádùn rẹ̀: gbogbo èyí lè wá láti orísun kan náà. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Àwọn dókítà ń pè é ní PTSD, àìsàn tí ìpayà ń fi sílẹ̀ sára.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń ṣá ènìyàn lọ́gbẹ́ bí wọ́n bá bi í níwájú ẹbí: "Kí ló dé tí o ò kígbe?" Ìmọ̀ ti dáhùn rẹ̀. Àwọn dókítà kan ní Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden wádìí lọ́wọ́ obìnrin 298 tó wá sí ilé ìwòsàn pàjáwìrì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Nínú àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 70 ló ní ara òun le gbagidi lásìkò náà, tí apá kò gbé, tí ohùn kò jáde. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn tó rí bẹ́ẹ̀ fún sì ni ìpayà àti ìrẹ̀wẹ̀sì ń dà láàmú jù nígbà tó di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò kígbe gan-an ló nílò ìtọ́jú jù, òun sì ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi.

Ìrètí wà nínú ohun tí àwọn onímọ̀ rí pẹ̀lú. Barbara Rothbaum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fipá bá lò pọ̀, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 1992. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àwọn àmì ìpayà yìí. Nígbà tó di bí oṣù mẹ́ta, ó ti lọ sílẹ̀ sí 47. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ara ló ń tún ara rẹ̀ ṣe bí ààbò àti ìfẹ́ bá yí i ká. Àwọn tó kù, ìyẹn bí ìdajì, ni ọjọ́ ń gorí ọjọ́ tí kò lọ. Sísọ fún irú wọn pé "bó pẹ́ bó yá, wàá gbàgbé" kò wúlò. Wọn ò ní gbàgbé. Ìtọ́jú ni wọ́n nílò.

Ìtọ́jú yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn ti pọ̀ nílẹ̀ wa: fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, má tú ẹbí ká, ta ló máa fẹ́ ọ bí wọ́n bá gbọ́? Ìtọ́jú ní ètò. Ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ọjọ́ tó máa parí, iṣẹ́ wà tí a máa ń mú relé láàárín ìjókòó kan sí èkejì, ẹni tó ń ṣe é sì ti kọ́ ọ. Àwọn oríṣi méjì wà tí wọ́n ti dán wò jù fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Edna Foa ló gbé ọ̀kan kalẹ̀. Nínú tirẹ̀, ẹni náà á máa sọ ìtàn náà fún olùtọ́jú díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, á sì máa padà síbi àwọn nǹkan tí kò léwu tó ti ń sá fún, bíi ọ̀nà kan tàbí ọjà kan, títí ara á fi mọ̀ pé ó ti parí. Patricia Resick ló gbé èkejì kalẹ̀. Èyí kò dá lórí ìtàn tó bẹ́ẹ̀, àwọn èrò tó há sọ́kàn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀ ló ń tú wò. "Èmi ni mo fà á." "Ara mi ti bàjẹ́." "Kò sí ọkùnrin kan tó ṣeé fọkàn tán." A ó gbé èrò kọ̀ọ̀kan, a ó bi í léèrè bí agbẹjọ́rò ṣe ń bi ẹlẹ́rìí: ẹ̀rí wo lo ní? Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè fà á bí?

Ibi tí wọ́n ti dán èkejì yìí wò tó sún mọ́ wa jù ni ìlà oòrùn Kóńgò, níbi tí ogun ti ba ayé ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin jẹ́. Judith Bass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 2013, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó, nítorí mo gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ìlú bíi Òró-Àgọ́ ló ń sọ. Abúlé 15 ni wọ́n mú, obìnrin 405 ló sì kópa. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé. Kò sí dókítà ọpọlọ kankan nítòsí. Àwọn obìnrin àdúgbò tó ti kàwé dé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ láti máa ṣe ìtọ́jú, àwọn ọ̀gá wọn sì ń ṣàbójútó wọn. Ní abúlé méje, obìnrin kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ jókòó lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú olùtọ́jú ní òun nìkan, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pàdé ní ẹgbẹ́ kékeré fún ìjókòó 11. Torí ìwé kò sí, wọ́n yí gbogbo ẹ̀kọ́ náà padà sí ohun tí ènìyàn lè fi sórí. Ní abúlé mẹ́jọ yòókù, wọ́n ń ran àwọn obìnrin lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: wọ́n ń gbọ́ tiwọn, wọ́n ń tù wọ́n nínú, wọ́n sì ń bá wọn wá ohun tí wọ́n nílò.

Ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ìtọ́jú parí, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí wọ́n ràn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, 42 ni ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn ṣì ń bá jà. Nínú àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ìtọ́jú, 9 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ti PTSD. Ìtùnú dára, àwọn tí wọ́n tù nínú náà sì gbádùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n àǹfààní ẹgbẹ́ tó ní ètò ju ti ìtùnú lásán lọ. Ìlú tí a bá ti lè rí obìnrin tó parí ẹ̀kọ́ girama lè ṣe èyí bí wọ́n bá rí ẹni kọ́ wọn, Òró-Àgọ́ kò sì ṣaláìní irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ohun kan tún wà nínú ìwádìí náà tí mo fẹ́ kí ẹ di mú: wọn kò ní kí obìnrin kankan rò fún ẹgbẹ́ bí wọ́n ṣe fipá bá a lò pọ̀. Èrò tó ṣẹ́kù sọ́kàn ni wọ́n jọ ń tú, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa sùn, bí wọ́n ṣe máa padà sóko, bí wọ́n ṣe máa wo ojú ọmọ wọn.

Ohun tí mo rí fà yọ fún ìlú kékeré nìyí: ìtàn lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kí ìgbé ayé lẹ́yìn ìtàn jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ẹ sọ ìtàn fún ẹnì kan tó ti kọ́ iṣẹ́ náà, tó sì dára kó jẹ́ ẹni tó ń gbé níbòmíràn, tí kò bá ẹbí yín tan. Àwọn ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹni tuntun dìde kó jẹ́rìí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kí wọ́n tó gbà á wọlé, ẹ máa bọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá ń yà á sórí fóònù, tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ dárí ji ẹni tó ṣe é lójúkojú, tàbí tí olórí ẹgbẹ́ ń fi ìtàn ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ fún yín. Ẹni tó sọ tẹlòmíràn létí yín á sọ tiyín náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ kò sì yẹ lẹ́ni tí irú ẹnu bẹ́ẹ̀ tún ń bà jẹ́.

Ní Sìmbábúwè, dókítà ọpọlọ kan, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2006 tí àwọn ìyá àgbà fi ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n kọ́ wọn. Ẹni tó bá ti jókòó pẹ̀lú ìyá àgbà lórí bẹ́ǹṣì tán lè wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Circle Kubatana Tose. Ibẹ̀ ni wọ́n ti jọ ń hun báàgì tí wọ́n ń tà, bí ọwọ́ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ìfipábánilòpọ̀ nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀: ẹni tó rí wọn láti òkèèrè, báàgì ló rí. Obìnrin Ìgbómìnà tó ní òun ń lọ síbi ìpàdé èésú tàbí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọṣẹ ṣíṣe kò ní ẹjọ́ kankan láti rò fún ọkọ tàbí ìyakọ. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wà pẹ́ nílùú kékeré gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ kan tí ojú rí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ rántí àwọn agbẹ̀bí. WARIF, àjọ tí Dókítà Kẹ́mi DaSilva-Ibru dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2016, ní ètò kan tó ń dá àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè dá ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ mọ̀, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n máa darí rẹ̀ sí. Agbẹ̀bí ti mọ àṣírí ara ìdajì ìlú tipẹ́tipẹ́ láìsọ ọ́. Ìwòsàn láàárín ènìyàn kì í sì ṣe àjèjì sí wa. Láti 1954 ni dókítà ọpọlọ Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú gbé láàárín ìdílé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn Àrò ká l'Abẹ́òkúta, mọ̀lẹ́bí kan sì máa ń bá wọn wá.

Ibo wá ni ẹni tó wà ní Òró-Àgọ́ máa lọ lónìí? Bí ohun náà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ kàn, kí ọ̀rọ̀ ọkàn tó kàn. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló dára tó. Èyí tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí dé ọjọ́ márùn-ún. Ẹ má ṣe wẹ̀ bí ẹ bá lè ní sùúrù, ẹ kó aṣọ tó wà lọ́rùn yín sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá. Ìpàdé ẹbí lè dúró. Oògùn kò lè dúró.

Fún ìtọ́jú ọkàn, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin, UITH, ní Òkè-Ọsẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti ìhùwàsí. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Bùdó-Ẹ̀gbá. Mo mọ̀ pé orúkọ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ máa ń ba ènìyàn lẹ́rù. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù: ìwọ̀nba díẹ̀ ni dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà, ibi tí wọ́n sì wà la ó ti lọ bá wọn. Ẹni tí ọ̀nà Òmù-Àrán sí Èkìtì rọ̀ lọ́rùn ju ti Ìlọrin lọ lè lọ sí Mọrèmi Clinic ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, Adó-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ara àti ọkàn àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà ni Mirabel Centre, tí Itoro Eze-Anaba ṣí ní oṣù keje ọdún 2013 nínú LASUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkẹjà. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ibẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn.

Ọ̀nà kò dán ní apá Òró-Àgọ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù àwọn agbébọn sì ti gorí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọlu ìlú Òkè-Òde ní 2025. Obìnrin tí kò tíì rìn dé Ìlọrin láti ọdún yìí kò lè máa lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ìjókòó méjìlá. Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí ènìyàn ṣe ni pé kó lọ lẹ́ẹ̀kan, kó fojú rí olùtọ́jú, kí wọ́n jọ ṣètò kí ìyókù jẹ́ ti orí fóònù. Stand to End Rape, tí Olúwaṣeun Ayọ̀dèjì Ọ̀ṣọ́wọ̀bí dá sílẹ̀ ní 2014, ń ran irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. She Writes Woman, tí Hauwa Ojeifo dá sílẹ̀ ní 2016, ń kó àwọn obìnrin jọ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́, 627. Ṣùgbọ́n fóònù náà ní tirẹ̀. Bí ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ pa nọ́ńbà náà rẹ́ lẹ́yìn ìpè, tàbí kí ẹ fi orúkọ oníbàárà tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì jọ fẹnu kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ó sọ bí ẹnì kan bá wọlé dé lójijì. Olùtọ́jú tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí irú rẹ̀, òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ dábàá rẹ̀. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lórí òkè lóko lè jẹ́ yàrá ìtọ́jú tó dára jù lọ.

Òfin wà lẹ́yìn gbogbo èyí. Òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, tí wọ́n ń pè ní VAPP, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní 2015, sọ nínú abala 38 pé ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ara, ìtọ́jú ọkàn àti ìrànlọ́wọ́ agbẹjọ́rò. Ní 2020, lẹ́yìn tí àwọn gómìnà kéde pé ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ ti di pàjáwìrì, Ìpínlẹ̀ Kwárà náà sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Òfin VAPP kò yọ ọkùnrin sílẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n lè fipá bá lò pọ̀. Àwọn obìnrin agbẹjọ́rò FIDA ní ẹ̀ka ní Kwárà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹjọ́ ṣì lè gba ìtọ́jú ọkàn, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan de èkejì, àyàfi bó bá jẹ́ ọmọdé tó ṣì wà nínú ewu.

Ní ti ọmọdé, ìtọ́jú tirẹ̀ máa ń mú òbí tí kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ mọ́ra. Ní Lùsákà lórílẹ̀-èdè Sáḿbíà, Laura Murray àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn lásán ní irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lò ó fún àwọn ọmọ òrukàn àti àwọn ọmọ mìíràn tí ojú wọn ti rí nǹkan. Nínú àbọ̀ tó jáde ní 2015, àmì ìpayà lára àwọn ọmọ náà dín kù ní ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó jẹ́ ìdá 21 lára àwọn tó gba ìrànlọ́wọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyá tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọ rẹ̀, kó sọ fún un pé òun gbà á gbọ́, kó sì má ṣe bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ni yóò bi í.

Ọ̀rọ̀ àdúrà kò ní ṣe aláìwáyé. Ìjọ ECWA ti fìdí múlẹ̀ ní Òró-Àgọ́ láti ayé àwọn míṣọ́nnárì, àwọn Mùsùlùmí náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pásítọ̀ tàbí ààfáà yóò sì kọ́kọ́ sáré bá. Ẹ jẹ́ kí àdúrà wà. Ohun tí mo lòdì sí ni ààwẹ̀ àti ìtúsílẹ̀ tí wọ́n fi ń rọ́pò ìtọ́jú, tó sì ń mú kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ ló wà lára òun. Pásítọ̀ tó gbọ́n á gbàdúrà tán, á sì wá owó mọ́tò fún un.

Ìjókòó àkọ́kọ́ kì í le bí ènìyàn ṣe rò. Ẹ lè sọ fún olùtọ́jú pé: "Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo kéré, n ò tíì fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kì í sùn." Èyí ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó ti tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ rí, ta ni yóò rí ohun tó ń kọ sílẹ̀, iye ìjókòó tó máa jẹ́ àti iye tí wọ́n máa gbà. Bí ó bá bínú sí ìbéèrè yìí, ẹ wá ẹlòmíràn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, oorun lè tún burú sí i, àlá lè pọ̀, nítorí ohun tí wọ́n ti tì sí kọ̀rọ̀ ti ń yọjú. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dá a dúró. Ẹ má dákẹ́ kí ẹ sì sá lọ, ẹ sọ ọ́ fún olùtọ́jú kó lè dín eré kù. Bí èrò àti pa ara ẹni bá wá sọ́kàn, ẹ má dúró de ọjọ́ ìjókòó, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù lọ, pẹ̀lú ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.